Ẹ Má Bá Àárẹ̀ Dá Ìpinnu: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Gbéra Lọ sí Òkè Òkun

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, gbogbo ìgbà là ń gbọ́ pé ọmọ lágbájá ti rí físà gbà. Inú wa ń dùn, a ń ṣàdúrà, a ń dáwó jọ. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àti owó tó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì kò kúrò lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà gan-an, láti ẹnu ọ̀nà ilé yín títí dé orí ibùsùn tí ẹ máa kọ́kọ́ sùn lọ́hùn-ún, ẹni tó ń bá yín sọ ọ́ kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti wọ bàálù lọ bá àwọn ọmọ mi wẹ ọmọ ní Kánádà àti nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: àárẹ̀ ìrìn àjò yẹn máa ń wọ inú ọpọlọ. Ẹ má bá a dá ìpinnu kankan.

Ilé ni àárẹ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ṣe ìṣọ́ òru fún mọ́jú ọjọ́ tó ń lọ, tí ẹbí jókòó yí àpótí rẹ̀ ká, tí wọ́n ń dì í, tí wọ́n ń tú u. Gàrí wọlé, bàtà jáde. Èlùbọ́ wọlé, ìwé jáde. Àbúrò rẹ̀ gbé àpótí náà mọ́ra, ó gun òṣùwọ̀n, kó má baà ju kílò 23 lọ. Ọmọ náà kò fojú kan oorun. Ní ìdájí, ó wọkọ̀ ní Mayfair, nílé Ifẹ̀ níbí, ó di Gbọ̀ngán, ó di Ìkirè, ó di Aṣéjìrẹ, kó tó wá bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kó tó rí ìjókòó rẹ̀ nínú bàálù, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìṣọ́ òru parí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹ di ẹrù, ẹ sé e pa. Ẹ sùn sí Èkó mọ́jú, lọ́dọ̀ ẹbí tí kò jìnnà sí Ìkẹjà. Ẹ yọ ẹran àti wàrà kúrò nínú ẹrù, wọn kò gbà á wọlé láti ilẹ̀ wa sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, gbogbo oúnjẹ tí ẹ bá gbé ni kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ.

Láti Èkó sí London, bí bàálù kò bá yà síbì kankan, ó tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ Toronto ló máa ń pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà, tí gbogbo rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ odindi ọjọ́ kan. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ, ó sì fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Ìdí nìyẹn tí ọ̀fun fi ń gbẹ tí orí sì ń fọ́ni. Omi ni kí ẹ máa mu, kì í ṣe ọtí. Ẹ má lo oògùn oorun: ẹni tó bá sùn fọnfọn lórí ìjókòó kì í mira, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ máa dìde rìn, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ yín. Bàtà tó ní ààyè ni kí ẹ wọ̀, torí ẹsẹ̀ á wú. Aboyún, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníkóró, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ wá dé ẹnu bodè. Ìlà gùn, fóònù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, òṣìṣẹ́ sì ń béèrè ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀ sí. Kí ẹ ti fi bírò kọ àdírẹ́sì náà sínú ìwé láti ilé. Bí ó bá jẹ́ Kánádà, ẹnu bodè yẹn ni wọ́n ti máa tẹ ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ yín fún yín. Ẹ má kúrò níwájú òṣìṣẹ́ náà láì kà á: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí yóò parí, àṣẹ iṣẹ́ ṣíṣe. Orúkọ àwa Yorùbá gùn, lẹ́tà kan tó bá ṣáko níbẹ̀ lè di wàhálà oṣù mélòó kan. Ojú yín á máa pa dé, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa kánjú. Ẹ kà á.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù lọ ni àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà òtútù, wákàtí mẹ́fà ni aago wa fi ṣáájú ti Toronto. Ẹ óò jí ní aago 3 òru, ojú yín á là kedere, torí pé ní Ilé-Ifẹ̀ aago 9 àárọ̀ ti lù, ara yín kò sì tíì mọ̀ pé ẹ ti kúrò nílé. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ kò mọ ẹnì kankan, nínú oṣù Kejìlá oòrùn á sì ti wọ̀ kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè náà máa ń wá: kí ni mo wá ṣe níbí? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí mo bí, tó ń sunkún lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wálé. Mo ní kó jẹun, kó jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kódà bí òtútù bá mú, kó má sùn lọ́sàn-án, kó tún pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó pè, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta ata rodo ló ń sọ. Ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní bàbá; ẹ ní ilé, ẹ ní ẹni. Ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ balẹ̀.

Nínú àwọn ọjọ́ yẹn, ẹ má fọwọ́ sí ìwé ilé ọdún kan. Ẹ gba yàrá ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ná. Ẹ má sanwó ilé tí ẹ kò tíì wọ inú rẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò tíì rí. Ẹ má bá ẹni tó gbà yín sílé jà lórí ọ̀rọ̀ tó lè dúró di ọ̀la. Ẹ má sì ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀yin òbí tó bá ka lẹ́tà yìí, mo bẹ̀ yín lórí ìkúnlẹ̀: ẹ má gbé ìṣòro owó kankan kalẹ̀ níwájú ọmọ tí kò tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Ó ku kan. Bí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan lábẹ́ orúnkún bá wú, tó ń dùn yín, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàálù ọ̀nà jíjìn. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí kò já gaara, ẹ pe 911 ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, 999 nílùú Gẹ̀ẹ́sì, 112 ní Jámánì àti àwọn tó yí i ká. Ẹ kọ nọ́ńbà náà mọ́ àdírẹ́sì yẹn.

Ọlọ́run á sìn yín lọ, á sìn yín bọ̀.

Èmi ni ìyá yín,
ní Ilé-Ifẹ̀.