Lẹ́tà sí Àlàbí ní Lausanne

Kétu, oṣù Ọ̀wàrà

Àlàbí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ò tíì gbé yín mì? Màmá ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́, wọ́n ti ń ná ọjà. Bàbá Ràṣídì tún ti fẹ́ ìyàwó. Ìyẹn di ìgbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ Thymio mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì kékeré yẹn, ni mo bá wá. Wọ́n dé láyọ̀. Kíláàsì Cinquième ni mo kọ́kọ́ gbé wọn wọ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, àwọn tó kù ń ya tiwọn sínú ìwé títí yóò fi kàn wọ́n. Ọ̀kan ń tẹ kọ̀ǹpútà, ọ̀kan di rúlà mú, ọ̀kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀kẹrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹnu nìkan ni kó máa fi darí. O mọ ẹni tí mo fi síbẹ̀: ọmọ àǹtí rẹ!

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Gbogbo wọn tẹ 60 dígírì fún igun, torí ohun tí mo ti kọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n ki bírò bọ ihò àárín rẹ̀, ó rìn, ó yà, ó rìn, ó yà, kò padà sílé. Ìdajì onígun mẹ́fà ló yà sórí páálí. Ariwo ta: ẹ̀rọ òyìnbó ò mọ ìṣirò! Àfi ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, ó dé igun, ó dúró, ó yí ara padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe inú igun ló ń yí, ìta ni." Wọ́n tẹ 120, ó padà sílé. Látìgbà náà, ta ni yóò dá wọn dúró? Onígun mẹ́rin, 90, márùn-ún, 72. Nígbà tó kan méje, 360 dígírì tí í ṣe yíyípo kan ò pín sí méje géérégé. Àwọn kan tẹ 51, àwọn kan tẹ 52, ó ku díẹ̀ kí wọ́n jà. Mo ní kí wọ́n ṣírò èyí tó ṣìnà jù. Ní ìlọ́po méje, èkíní fi 3 dín, èkejì fi 4 lé.

Àjàpá ni wọ́n ń pe rọ́bọ́ọ̀tì náà. Ẹ̀rín pa mí, torí àwọn Papert tó ṣe Logo, èdè tí ọmọdé fi ń darí kọ̀ǹpútà, ní Amẹ́ríkà ní 1967, ìjàpá ni wọ́n pe tiwọn náà.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa wá yọjú. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ya fọ́tò. Kò pẹ́, ó ní eruku á bà wọ́n jẹ́, ló bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n wà níbẹ̀ bí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọn kì í gbé jó. Bí àlejò bá ti Kútọnu dé, á ṣí i hàn wọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún rán àgbà sí i. Ó ní nǹkan náà ò níwèé, ta ni yóò dáhùn bó bá bàjẹ́? Àwọn ọmọ ń béèrè, mo ní Àjàpá lọ sí ìrìn-àjò. Ọmọbìnrin yẹn ò tiẹ̀ béèrè mọ́.

Jọ̀ọ́, kọ ìwé sí i, ní Faransé tó le. Sọ pé ìwọ lo fi wọ́n tọrẹ, pé kí àwọn ọmọ máa lò ó ni, àti pé bó bá bàjẹ́, ọrùn rẹ ló wà. Lu òǹtẹ̀ sí i. Òǹtẹ̀ èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ti ibi tí ẹ ti ń ra búrẹ́dì. O ṣáà mọ̀ wọ́n pẹ̀lú òǹtẹ̀. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ o! Jẹ́ kó dé kí Kérésì tó dé, torí lẹ́yìn Kérésì, a ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ igun.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun