Àjàní, ìwé ọjọ́un ti bọ́ sí mi lọ́wọ́

Dùgbẹ̀, Ìbàdàn.
Ọjọ́ 22, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò mú yín jù? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kí yín gan-an.

Ọyẹ́ ti ń yọjú. Kí n tó to ìwé tán sórí pákó lówùúrọ̀, eruku á ti bo èyí tí mo kọ́kọ́ tò. Àkísà kò kúrò lọ́wọ́ mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀, ọyẹ́ sàn fún mi ju òjò lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ wọlé, tí ọjà sì ń yá, òjò kan dé lójijì lọ́sàn-án. Atẹ́gùn gbé ọ̀rá tí mo fi bo ọjà lọ sójú títì, kí n sì tó lé e bá, páálí ìwé méjì ti rin gbingbin. Ìyá àwọn ọmọ ló tò wọ́n yí sítóòfù ká lálẹ́, tó ń ṣí wọn léwé-léwé bí ẹni ń yí ẹja lórí iná. A rí bí ìdajì gbà là.

Ọjà tó ń lọ ò ju ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá, Bíbélì àti ìwé iléèwé lọ. Láti 2023 tí owó epo ti fò sókè, tí náírà sì já wálẹ̀, ìwé tuntun ti di ohun tí èèyàn ń gbé, tó ń gbé padà sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú orúkọ ìwé mẹ́jọ. Owó rẹ̀ ká méjì. Ó ní kí n bá òun wá àlòkù àwọn yòókù. Mo rí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ́kọ́ lò wọ́n ti fi báírò kọ ìdáhùn kún inú wọn, nítorí inú ìwé gan-an ni wọ́n ní kí ọmọ máa kọ ọ́ sí nísinsìnyí. Àbúrò kò lè jogún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣé o rántí pé ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ ni àwa méjèèjì fi kàwé jáde? Bébà sìmẹ́ǹtì la fi dì í, ó sì tún kan àbúrò mi lẹ́yìn wa.

Ọmọ yẹn ti mú ìwé àlọ́ Yorùbá kan níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀, ó ń ka á díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó dá a padà sórí pákó. Ó ní kò sí lára èyí tí iléèwé kọ. N kò bá a wí. Owó ló ń ṣọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àpò ìrẹsì mẹ́ta wá, ìwé ló kún inú wọn. Bàbá rẹ̀ ló kú, ilé ni wọ́n fẹ́ kó jáde. Alákàrà kan ti fẹ́ rà wọ́n fún pípọ́n àkàrà. Mo san ju tirẹ̀ lọ. Nínú àpò kejì, Àjàní, ìwé ìtàn Yorùbá ti Àlùfáà Samuel Johnson ló wà níbẹ̀! Èyí tí tíṣà wa máa ń sọ, tí a wá títí ní láíbúrì iléèwé.

Mo ti ka á dé ìdajì, fìtílà ni mo fi ń ka á lálẹ́. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí ojú ìwé yẹn rí? Johnson parí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Ní 1899 wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé ìyẹn náà bọ́ sọ́wọ́ ológun Jámánì lójú agbami, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. 1921 ló tó jáde. Obadiah ti kú ní ọdún kan ṣáájú.

Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó ni ìwé yìí fi báírò pupa kọ Yorùbá sí etí rẹ̀ káàkiri. Níbì kan ó ní, "Bàbá mi sọ èyí fún mi." Níbòmíràn, "Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá." Ó ka Gẹ̀ẹ́sì yé, ó sì fi Yorùbá dá a lóhùn. Irú ẹni tí mo ń fẹ́ kí ọmọ wa dà nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìròyìn oṣù yìí fi dùn mí wọra. Ní ọjọ́ 12, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní níbi tí wọ́n ti ń lò ó ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Àwọn tó ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ tó wọ ọdún kìíní lẹ́yìn ìlànà yẹn, ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ló wà. Nígbà wo ló ṣe WAEC? Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó síbí, ẹnikẹ́ni kò gbé ìwé ìṣirò kan ṣoṣo tí wọ́n fi Yorùbá kọ wá pé kí n bá òun tà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní iléèwé St Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n jókòó kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n sì wá olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìwé ló ṣáájú níbẹ̀, kí àṣẹ tó dé.

Ẹnìkan ládùúgbò wa ń bọ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn Kérésìmesì, màá fi ìwé àlọ́ méjì rán an sí àwọn ọmọ. Jọ̀wọ́, kí àbíkẹ́yìn rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà mẹ́ta sí mi ní Yorùbá, bó ti wù kó rí. Ní ti Johnson, ẹni méjì ti bi mí ní iye tí mò ń tà á. Mo ti fi bébà sìmẹ́ǹtì dì í. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà, ó ń dúró dè ọ́ di Ọdún Àjíǹde.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàó.