Limelight kì í ṣe iná ọsàn wẹ́wẹ́

Sí Olóòtú,

Nínú àlàyé tí ẹ ṣe lórí iná orí ìtàgé, ẹ pe limelight, iná tí wọ́n fi ń tan ìtàgé láyé àtijọ́, ní iná aláwọ̀ ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lime tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́: ẹfun ni, èyí tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá fi iná sun òkúta ẹfun. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara rẹ̀ jáde sì funfun báláú.

Wọ́n á gé ẹfun náà roboto, á tó àtàǹpàkò, wọ́n á gbé e síwájú ẹnu páìpù. Gáàsì méjì ló ń pàdé lẹ́nu páìpù náà: háídrójìn ìdá méjì, ọ́síjìn ìdá kan. Wọ́n á ṣáná sí i, iná náà á sì máa jó ẹfun. Ẹfun kì í tètè yọ́, ó lè gba ooru tó ju 2,500 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì lọ, nítorí náà dípò kó yọ́, ńṣe ló ń tàn. Lẹ́ńsì ló ń kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ sójú kan.

Iṣẹ́ eléwu ni. Inú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gáàsì kọ̀ọ̀kan ń gbé, ẹrù tó wúwo ló sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹrù kúrò lórí ọ̀kan tí ẹnu páìpù ṣì wà ní ṣíṣí, gáàsì kejì á ṣẹ́rí wọnú rẹ̀, àdàlù wọn á sì bú gbàmù. Ẹfun pàápàá ń fa omi inú afẹ́fẹ́, á wú, á fọ́ wẹ́wẹ́. Inú agolo tí wọ́n dé pinpin ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Háídrójìn nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń yá a, kó má baà sán. Iná tún máa ń gbẹ́ ihò sí i lára. Bí wọn ò bá máa yí i lóòrèkóòrè, iná á ta padà láti inú ihò náà, á sì la lẹ́ńsì. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ kan fi ń dúró ti àtùpà kọ̀ọ̀kan, òun náà ló sì ń yí i tẹ̀lé òṣèré káàkiri ìtàgé.

Goldsworthy Gurney, olùhùmọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣiṣẹ́ lórí iná yìí ṣáájú Thomas Drummond, ẹni tó lò ó fún wíwọn ilẹ̀ ní Ireland. Ní 1837, iná náà dé gbọ̀ngàn eré Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù. Iná mànàmáná ló lé e kúrò nígbẹ̀yìn ọ̀rúndún náà. Nítorí náà, àtùpà tó ń tẹ̀lé òṣèré lónìí, spotlight ni ká pè é.

Orúkọ limelight wá kù fún ẹni tí òkìkí rẹ̀ ń kàn. “In the limelight” ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí. “On the limelight” tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn kò tọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ àtùpà kankan: “ojú gbogbo ayé wà lára rẹ̀” ti tó.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín