Ẹ̀sùn lórí irinṣẹ́ tí ẹ tà fún wa láti máa fi wá ọ̀nà nínú kóòdù

Ẹ̀yin Ọ̀gá ní Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́ta rèé tí ilé iṣẹ́ wa ti ń sanwó fún irinṣẹ́ yín, èyí tí ẹ ní yóò máa tọ́ AI tó ń bá wa kọ kóòdù sọ́nà nínú kóòdù tó bá pọ̀ rẹpẹtẹ. Èmi ni mo rọ àwọn ọ̀gá mi pé kí wọ́n rà á. Nígbà tí nǹkan wá bàjẹ́, èmi ni gbogbo wọn kọjú sí, ó sì dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a fẹ́ fi parameter kan (ìsọfúnni tí a gbọ́dọ̀ fún un nígbà tí a bá pè é) kún function, ìyẹn apá kóòdù, tó ń ṣírò owó tí a ń dá padà fún oníbàárà. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti ń pè é lórí branch (ẹ̀dà kóòdù) tí a wà, gbogbo wọn ló sì yẹ ká tún ṣe. Mẹ́ta ni irinṣẹ́ yín dárúkọ. Ìkẹrin wà nínú fáìlì tí ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, àmọ́ index yín, ìyẹn àkójọ ibi tí nǹkan wà nínú kóòdù, kò tíì mọ̀ pé a ti kúrò lórí branch àná. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́, ẹja àná ni ẹ ṣì ń kó fún wa. AI gbà á gbọ́, ó tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, ó ní ó parí. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python la fi kọ ọ́, kò sí compiler (ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún kọ̀ǹpútà kó tó ṣiṣẹ́, tó sì ń tọ́ka àṣìṣe) tí ìbá pariwo, test tí a fi ń dán kóòdù wa wò kò sì dé ibẹ̀. Ìgbà tí a gbé e síta tán ni ìkẹrin dá iṣẹ́ sílẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn tó ń retí owó wọn kò rí i gbà.

Mo padà lọ ka àyẹ̀wò tí ẹ fi ń polówó. Iye token (ègé ọ̀rọ̀ tí AI ń kà tó sì ń kọ) tí AI ná àti ìṣẹ́jú tó lò nìkan lẹ wọ̀n. Mo wá ibi tí ẹ ti ka iye ìdáhùn tó tọ̀nà, n kò rí i. Ẹ kò sì fi í wé AI tí kò ní ju grep lọ, irinṣẹ́ tó kàn ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, tí Ken Thompson ti kọ láti 1973.

Ni mo bá dán an wò fúnra mi lórí kernel Linux, ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ìlà kóòdù rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30. Mo ní kí AI wá ibi tí iṣẹ́ system call read (ọ̀nà tí ètò ń gbà ní kí kernel ka nǹkan fún un) gan-an wà. Irinṣẹ́ yín gbé sys_read wá láti inú include/linux/syscalls.h, bẹ́ẹ̀ ìkéde lásán ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ náà gan-an wà nínú fs/read_write.c, lábẹ́ SYSCALL_DEFINE3(read. Macro, ìyẹn ìkékúrú tí a máa ń tú sí kóòdù kíkún, ló máa ń so orúkọ náà pọ̀ nígbà tí a bá ń compile. AI tó ní grep nìkan kọ́kọ́ kan syscalls.h náà, ṣùgbọ́n ó rí ksys_read lára ohun tó jáde, ó tẹ̀ lé e, ó dé ilé. Token rẹ̀ pọ̀ jù tiyín. Òótọ́ ló mú bọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí: ìdáhùn yín mọ́ rekete, ó jọ èyí tó pé, AI kò wá rí ìdí tó fi yẹ kó tún wò síwájú. Ẹni tí a bá bi ní ọ̀nà, bí kò bá dá a lójú, ó yẹ kó sọ.

Mo ń fẹ́ kí ẹ dá owó oṣù mẹ́ta náà padà. Kí irinṣẹ́ yín máa sọ ìgbà tí ó ṣe index rẹ̀ àti lórí branch wo. Kí ẹ tún àyẹ̀wò yín ṣe: AI kan náà, ìbéèrè kan náà, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti láìsí i, lẹ́ẹ̀mélòó kan, nítorí AI kì í dáhùn bákan náà nígbà gbogbo. Kí ẹ sì ka ìdáhùn tó tọ̀nà kí ẹ tó ka token.

Owó oṣù tó ń bọ̀ yóò kúrò nínú àkáǹtì wa ní ọjọ́ kìíní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì kí ọjọ́ náà tó pé.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.