Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ọ̀rọ̀ iná inú ọkọ̀ ni mo bá wá. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí, mi ò sì lè gbé e mì mọ́, nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń ná owó oúnjẹ ọmọ sórí ọkọ̀, tí àrùn ọkọ̀ náà kò sì kúrò níbi tó wà.

Iṣẹ́ rédíò ni mo kọ́. Láti ọdún 1984 tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe ní Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi kì í ṣe réwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, mi ò sì fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú rédíò náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ọ̀nà tí a sì fi ń wá a kò yàtọ̀.

Jíípù Toyota 4Runner ti ọdún 1999 ni mò ń gùn. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Òun ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí ilé ìwé, òun náà ni ìyàwó mi fi ń kó gààrí wá láti Ìkòyí-Ilé. Nígbà òjò ọdún tó kọjá, àrùn kan mú un. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí mo yí kọ́kọ́rọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, “kọ́” ló máa dún lẹ́ẹ̀kan péré, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á sì rọ bí iná fìtílà tí epo tán nínú rẹ̀. À fi ká fi wáyà fa iná lára ọkọ̀ ẹlòmíràn kó tó jí.

Réwáyà tí mo pè wò ó lójú lásán, ó ní bátìrì ti kú. Mo ra tuntun, oní-75 (áńpù-wákàtí, ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́), ₦98,000. Ní ọjọ́ Ajé kejì, “kọ́.” Ó ní alternator ni, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. A gbé tòkunbọ̀ kan sí i, ₦60,000, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, “kọ́.” Nígbà tó wá ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló kù, ọkàn mi gbọgbẹ́. Kì í ṣe tìtorí owó nìkan. Nínú gbogbo nǹkan tí a pààrọ̀, kò sí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni wọ̀n kó tó ní kí n ra òmíràn. “Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ká wò ó” ni gbogbo ẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí.

Mo gbé mítà mi, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ní àárọ̀ kan tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú, tí a sì ti tú orí bátìrì sílẹ̀, mo wọn bátìrì: 12.6 fóòtì (fóòtì ni a fi ń wọn agbára tó ń ti iná). Bátìrì tó yó nìyẹn. Tó bá jẹ́ 12.2 ni, yóò ti lò tó ìdajì. Mo so ó padà, mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin sítáàtì ọkọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n: 14.2. Ibi tí alternator tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbé e dé nìyẹn, láàárín 13.8 sí 14.5. Mo wá gbé alternator àkọ́kọ́, èyí tí a ti yọ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, padà sára ọkọ̀. Òun náà fún mi ní 14.1. Kò sí ohun tó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí bátìrì bá ń yó lójú ọ̀nà, tí ebi sì ń pa á nígbà tó bá dúró, a jẹ́ pé nǹkan kan wà tó ń mu iná nígbà tí gbogbo wa ti sùn. Bí a ṣe ń wá a rèé. Mo tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Mo yí mítà sí áńpù, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, mo ki wáyà pupa rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n kọ 10A sí, mo wá fi mítà sí àárín orí bátìrì àti wáyà tí mo tú, débi pé kò sí iná tó lè jáde àfi kó gba inú mítà kọjá. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn, mo jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí àwọn nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ tí kì í tètè sùn. Ẹni tó bá ń ṣe èyí kò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ láti sítáàtì ọkọ̀ o! Iná tí kíìkì, mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí, ń fà máa ń ju ọgọ́rùn-ún áńpù lọ, mítà yóò jó.

Mítà dúró sí 0.9 áńpù. Ọkọ̀ tó sùn dáadáa kì í sábà mu ju 0.05 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé jẹ́ wákàtí 61. Bí a bá fi 0.9 sọ ọ́ di púpọ̀, bíi 55 ni, nínú bátìrì oní-75. Kí ni kíìkì yóò rí mu?

Mo ń yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó mi ń ka mítà fún mi. Ó ń ka 0.9, 0.9, 0.9. Bí mo ṣe yọ ti rédíò, ó kígbe pé ó ti já sí 0.03. Mo tọ wáyà yẹn lọ títí dé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí ẹni tó ni ọkọ̀ kó tó di tèmi ti gbé amplifáyà, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn rédíò ròkè, sí. Wáyà tó ń sọ fún amplifáyà pé “ó yá, jí” ni wọ́n so mọ́ ibi tí iná kì í kú, nítorí náà kò sùn rí, lóru, lọ́sàn-án. Mo gbé wáyà kan ṣoṣo yẹn lọ síbi tí iná ti ń kú bí a bá yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi lẹ́ẹ̀dì tí a ń fi iná yọ́ jó o pọ̀, mo wé e. Láti ọjọ́ náà, mo ti gbé ọkọ̀ yìí kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀kan náà ló jí. ₦158,000 ni mo ti ná ṣáájú, láìka owó iṣẹ́, wáyà tí kò gùn tó apá mi ló wò ó sàn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé mo ti fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àrùn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, wò ó. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò sikánà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tèmi náà ní in. Sikánà dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń kérora ló ń sọ. Amplifáyà tí kì í sùn kò sí nínú ohun tó mọ̀.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ tí mo ń yọ fíùsì yẹn ló kó jìnnìjìnnì bá mi jù. Ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, tó yẹ kó ní fíùsì 15, aláwọ̀ búlúù, wáyà kọ́pà tí wọ́n yí pọ̀ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Mo jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ara mi ń gbọ̀n. Ẹ̀yìn jíípù yìí ni àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta ń jókòó sí. Fíùsì ni wọ́n dìídì ṣe ní aláìlágbára, kó lè jó kí wáyà tó gbóná. Ẹni tó bá fi kọ́pà dípò rẹ̀ ti sọ fún iná pé kó lọ jó wáyà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Pupa ni 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Bí èyí tí ẹ fi sí i bá tún jó, ẹ má wá èyí tó lágbára jù ú lọ. Ẹ wá ohun tó ń jó o. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó ń ka lẹ́tà yìí, kó ṣí ìdérí fíùsì ọkọ̀ rẹ̀ lónìí, kó fojú ara rẹ̀ wò ó.

Iná iwájú ń kọ́? Ti òsì pọ́n bí àtùpà elépo, bí mo bá sì tẹ tíráfíkétọ̀, iná tí a fi ń sọ pé a fẹ́ yà, òun náà á máa ṣẹ́jú tẹ̀ lé e. Ibi tí iná bá ti ń ṣe ohun tí a kò rán an, ẹ́ẹ̀tì, ibi tí wáyà ti kan irin ara ọkọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wáyà ló ń gbé iná lọ bá gílóòbù, ṣùgbọ́n irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e padà sílé. Bí ibi tí wáyà ti kan irin bá ti dípẹtà, iná kò rọ́nà lọ sílé mọ́, á máa gba inú gílóòbù aládùúgbò kọjá. Mo dá mítà padà sí fóòtì, mo tan iná iwájú, mo fi ẹnu mítà kan kan nẹ́gétíìfù bátìrì, mo fi ìkejì kan orí wáyà ẹ́ẹ̀tì iná òsì. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ. 1.8 ni mo bá níbẹ̀. Mo tú bóòtù rẹ̀, mo fi sáńpépà ha á títí irin fi dán, mo dè é le, mo fi gíríìsì díẹ̀ bò ó. Ó di 0.04, iná sì funfun báláú. Òjò tó ń rọ̀ lé wa lórí àti ihò ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kí bóòtù bẹ́ẹ̀ pẹ́ kó tó tú. Nínú ọkọ̀ tó ti lo ju ọdún 25 lọ, èmi ò ní ra gílóòbù kí n tó wo ẹ́ẹ̀tì.

Ti kíìkì kò gùn. Nígbà tó yá ó tún dún “kọ́,” bátìrì sì yó. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tí ọmọ mi ń yí kọ́kọ́rọ́: iná dé ẹnu ọ̀nà kíìkì, kò wọlé. Kọ́pà méjì tó wà nínú rẹ̀ ti jẹ tán, ó sì wọ́pọ̀ nínú kíìkì Toyota ìgbà yẹn. Kọ́pà nìkan ni a pààrọ̀, ₦7,000.

Ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago irin lọ́wọ́. Nẹ́gétíìfù la ń kọ́kọ́ tú, òun náà là ń so kẹ́yìn. Wáyà aláwọ̀ yẹ́lò tó wà nídìí sitiárìn, ti airbag ni, àpò atẹ́gùn tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ẹ má fi mítà kàn án rárá, ó lè bẹ́ mọ́ yín lójú.

Mo padà pe réwáyà yẹn, mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Ọmọ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀gá mi ò ní mítà. Gílóòbù tí a so wáyà mọ́ la fi ń dán gbogbo nǹkan wò, òun náà ni wọ́n fi kọ́ mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Gílóòbù á sọ pé iná wà, kò lè sọ iye tó wà. Ó ń tàn ní 12, ó ń tàn ní 10, ibi tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì wà sì ni àrùn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Ọmọ yìí fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́, ó ra ẹran àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún òmìnira, kò sì sí ẹni tó fi mítà lé e lọ́wọ́ rí. Mítà tí mo rà fún un níbí kò ju ₦7,500 lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá réwáyà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́, níbi gbogbo tí ìwé ìròyìn yìí bá dé, mo fi ọjọ́ orí mi bẹ̀ yín. Kí mítà wà lára ohun tí ọmọ iṣẹ́ yóò mú wá lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má sì fún un ní òmìnira títí yóò fi wọn iná tó ń sọnù nínú ẹ́ẹ̀tì kan lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀yin Olóòtú náà, bí ẹ bá lè fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ní àyè díẹ̀ lọ́sẹ̀ láti máa kọ irú èyí ní Yorùbá, ẹ ó ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀.

Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iwájú ilé mi ní Òkè Ẹlẹ́rìn ṣí sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ réwáyà èyíkéyìí, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fẹ́ kó dá wá, kí ọ̀gá náà bá a wá. Fèrèsé ẹ̀yìn jíípù mi kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láti oṣù tó kọjá. Mo fura pé wáyà kan ti já nínú rọ́bà tó ń ká níbi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ń ṣí. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ náà ni mo fi í dè.

Bàbá Onírédíò,
Òkè Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́.