Ẹ̀rọ ìkàwé yín dáa o, àmọ́ ibo lẹ ní ká ti dì í mú?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Torí ẹ̀rọ ìkàwé tí mo rà lọ́wọ́ yín ni mo ṣe ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi èsì tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ de gbogbo èèyàn ránṣẹ́ sí mi o, mo ti gba ìyẹn rí.

Ká sòótọ́, ojú ẹ̀ ò dunni lójú bíi ti fóònù, oòrùn ò sì ní kéèyàn má ríwèé kà, bátìrì ẹ̀ náà ń gbìyànjú. Ìjà mi ò sí níbẹ̀. Ìjà mi ni pé kò síbi téèyàn fẹ́ dì í mú! Ẹ ti gé etí ẹ̀ kù débi pé àtàǹpàkò ò ráyè, mà á kàn gbọ́wọ́ lé e báyìí, díẹ̀ ti kan ojú ẹ̀, ló bá ṣí ojú ìwé míì. Mi ò tíì mọ ẹni tó pa ọkùnrin inú ìtàn, mo ti bára mi níbi tí wọ́n ti ń sìnkú ẹ̀. Ni mo bá sọ ọ́ di pé ọmọńdinrín ni mo fi ń gbé ìdí ẹ̀ ró, ìka tó kéré jù lọ́wọ́ ló wá ń rẹrù, tó bá yá á máa ta mí títí dé ọrùn ọwọ́.

Ẹ máa ní kò ju nǹkan bíi 200 gíráàmù lọ. Mo gbà, àmọ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan gbé 200 gíráàmù yẹn fún wákàtí kan ná. Ẹ̀yìn ẹ̀ tún ń yọ̀, wọ́n ní kí n ra kéèsì, mo rà á, ló bá tún wúwo sí i. Ṣé èmi ni mà á máa fowó mi tún iṣẹ́ yín ṣe ni?

Ta ló tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án sí ìsàlẹ̀? Ibẹ̀ gan-an lèèyàn ń gbé lé àyà tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ló bá kú. Èmi tí mo tún ń lo ọwọ́ òsì, tèmi burú jù, torí apá òsì ojú ẹ̀ lẹ fi ṣe ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti padà sójú ìwé tó ti kọjá, mo tú settings títí, mi ò ríbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé ṣe o. Ẹ wo Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé tí Amazon ń ṣe. Àkọ́kọ́ ẹ̀ lọ́dún 2007, bọ́tìnnì ìṣíwèé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gùn jù, èèyàn á gbé e báyìí ó ti ṣíwèé, àwọn èèyàn pariwo, ti 2009 sì kéré sí i. Kindle Oasis tó jáde ní 2016 wá nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ráyè, bọ́tìnnì wà níbẹ̀, téèyàn bá yí i sọ́wọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀ á yí tẹ̀lé e. Ẹ̀yin yọ bọ́tìnnì ìṣíwèé dànù, wàhálà 2007 yẹn náà lẹ wá gbé sójú ẹ̀rọ tiyín.

Ohun tí mo fẹ́ ò le. Ẹ ṣe update tó máa jẹ́ ká lè pa etí ojú ẹ̀ kó má gbọ́ ìka mọ́, ká sì lè pààrọ̀ òsì sí ọ̀tún. Tíyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ gba ẹ̀rọ yín kẹ́ ẹ dá owó mi padà. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, páálí ẹ̀ náà wà.

Èmi oníbàárà yín