Ọ̀sẹ̀ Mélòó Ló Tó Láti Fi Dín Oúnjẹ Kù?

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kú ìfaradà o. Láti kílò 84 bọ́ sí 75 láàárín ọ̀sẹ̀ 22 kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí o kàn fẹnu bà ní ìparí ló gbà mí lọ́kàn jù: òtútù tó ń mú ọ lọ́sàn-án gangan, oorun tí kì í kún ojú, nǹkan oṣù tí kò wá lẹ́ẹ̀mejì, àti ìwọ̀n tó dúró sójú kan láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. O ní ṣé kí o tún yọ kálórì 200 kúrò. Rárá o, jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni kí o dá ìdínkù náà dúró. Ní ti nǹkan oṣù, lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò dáadáa, nítorí àìjẹun tó nìkan kọ́ ló ń fà á.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ló tó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ọ̀rá ara rẹ̀ pọ̀ gan-an lè fà á dé 16. Ìdí ni pé ara kò mọ̀ pé ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lójú tirẹ̀, ìyàn ló mú. Leptin, họ́mọ̀nù tí ọ̀rá fi ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nípamọ́, yóò lọ sílẹ̀. Ghrelin, họ́mọ̀nù tó ń mú kí ebi pa ènìyàn, yóò gòkè. O ó máa jókòó ju bó ṣe yẹ lọ láìfura. Ara tó sì ti fúyẹ́ kì í ná kálórì tó ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, 500 tí o ń yọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní lè má ju 200 lọ mọ́ ní ogún ọ̀sẹ̀. Ebi a sì máa mú ọwọ́ dẹ̀ nídìí ìwọ̀n oúnjẹ: ṣíbí ńlá òróró kan tó nǹkan bí kálórì 120, méjì tí o kò kọ sílẹ̀ lóòjọ́ ti gbé gbogbo 200 náà lọ.

Ní 1945, Ancel Keys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ara àti oúnjẹ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà dín oúnjẹ ọkùnrin 36 kù fún ọ̀sẹ̀ 24. Òtútù ń mú wọn, okun wọn tán, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gba ọkàn wọn. Tìrẹ kò le tó tiwọn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà lo ń tọ̀.

Bí o ó ṣe jáde nìyí. Fi kálórì 250 kún oúnjẹ òòjọ́ rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí o fi 250 mìíràn kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ oúnjẹ afáralókun. Ìwọ̀n yóò gòkè ní kílò kan sí méjì. Má jáyà, omi ni. Gíráàmù kan nínú ṣúgà tí iṣan ń tọ́jú pamọ́ a máa di omi bíi gíráàmù 3 mú. Kí kílò ọ̀rá kan tó wọ ara, ó gba nǹkan bí kálórì 7,700 lórí èyí tí ara ń ná.

Lẹ́yìn náà, dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán. Wọn ara rẹ láràárọ̀, lẹ́yìn tí o bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kí o tó jẹ tàbí mu ohunkóhun. Ro ọjọ́ méje pọ̀, kí o fi méje pín in. Ìpíndọ́gba yẹn ni kí o máa wò, má wo iye ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí kò bá yẹ̀ ju ìdajì kílò lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ti rí iye tó ń gbé ara rẹ dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n a sọ ìsinmi di àsè, wọ́n a pa gbígbé irin tì, wọ́n a gbàgbé ìwọ̀n. Máa gbé irin lọ bó o ṣe ń ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí èròjà amúaradàgbà rẹ má sì dín ní gíráàmù 120 lóòjọ́, ìyẹn gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí o wọ̀n.

Bí nǹkan oṣù bá ti padà tó ń wá déédéé, tí dókítà sì ní kò séwu, o lè tún bẹ̀rẹ̀. Kílò 5 lo ní ó kù. Bí o bá ń sọ 0.45 nù lọ́sẹ̀, tí í ṣe nǹkan bí kálórì 500 lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ 11 ni. Kọ ọjọ́ tí yóò parí sára kàlẹ́ńdà kí o tó bẹ̀rẹ̀. Tí ọjọ́ náà bá pé, dá a dúró, kódà bí kílò kan bá ṣì kù.

Fi ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, àti ohun tí dókítà bá sọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣadé